Àpótí Inú Yàrá Wáìnì

Kútáísì, oṣù kejì. Yìnyín ń yọ́ lórí páànù.
Mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ka orí tábìlì ìdáná,
èyí tí Jaba fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ Póláǹdì,
tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti yọ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín àgbà.
Mo tú ìdí rẹ̀. Eruku ibẹ̀ kún abọ́.
Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun ilẹ̀kùn ni mo fi gbá a,
mo ki díìsìkì tuntun méjì bọ̀ ọ́ níkùn:
ọ̀kan fún iṣẹ́, èkejì fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ iná ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù.
Wáyà ni mo mọ̀, wáyà ló mọ̀ mí.
Jaba ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé e."
Mo ní, "Afẹ́fẹ́ tó gbé fìlà mi jù sódò Ríónì,
òun ni kí n fi àwòrán ìgbéyàwó rẹ rán níṣẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sáà tẹ ohun tí òun bá ń pè.

Alẹ́ kìíní, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí díìsìkì.
Alẹ́ kejì, ó rí díìsìkì, n kò rí jígí ojú mi.
Alẹ́ kẹta, iná ìlú lọ. Mo bú iná ìlú,
mo bú Jaba, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ ka òdo àti oókan.

Nígbà tó yá, ó gbà. Mo gbé e lọ sí yàrá wáìnì,
níbi tó tutù, láàárín ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn.
Ó ń kùn bí oyin inú ihò igi.
Ó ku kí n sọ Wáífáì ilé lórúkọ, kí n fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà.
Ìmẹ́lẹ́ mú mi. Mo fi ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀,
èyí tí Nazibrola yàn: orúkọ àkùkọ wa,
àti ọdún tí a kọ́lé.

Jaba ní kí n fi fóònù kan dán an wò.
Tèmi ti gbó jù. Tirẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìborùn dúdú,
ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí kò fojú kan iná.
Ọjọ́ ìbí mi ló fi tì í. Mo ṣí i,
mo fi ohun tí Jaba ní kí n fi sí i sí i.
Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ aṣínà.
Ó mọ ilé.

Mo lọ sùn. Ní ìdájí ni mo rí i,
iná ewé kékeré tó ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn.
Láìsí wáyà, láti inú dúrọ́ọ̀ dé àárín ìkòkò,
wọ́n ń gba inú ògiri kọjá, wọ́n ń gba orí ibùsùn mi kọjá,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán ó lé méjìlá.

Tòmátì. Tòmátì. Àjàrà, kí òjò dídì tó bà á jẹ́.
Ìwé owó iná.
Bàtà ẹsẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù, bóyá ó fẹ́ ronú sí iye rẹ̀.
Ìka ara rẹ̀ tó dí ojú kámẹ́rà.
Èmi, mo sùn lórí àga, ẹnu mi là sílẹ̀.
Èmi, mo tún sùn. Èmi, pẹ̀lú ológbò.
N kò mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣọ́ oorun mi tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo tan tẹlifíṣọ̀n. Àpótí ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.
Fídíò ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá: àkùkọ wọ ìdáná,
Nazibrola gbá ìgbálẹ̀ mú, ó ń pariwo,
"Ednari! Ti ilẹ̀kùn!"
Mo dìde. Mo ti ilẹ̀kùn.

Jaba pè lọ́sàn-án. "Bàbá, ṣé ó ṣiṣẹ́?"
Mo ní ó ṣiṣẹ́.
Ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn ti rọrùn jù, olè á mọ̀ ọ́n,
kí n tètè pààrọ̀ rẹ̀.
Mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀.
N kò pààrọ̀ rẹ̀.